Oúnjẹ Ìlú Onílùú: Ahọ́n Kọ́ Ni Adájọ́



Àwa ọmọ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà kì í jókòó sójú kan. Àwọn kan ń lọ Mẹ́kà fún Háájì, àwọn kan ń kàwé ní Mẹ̀dínà tàbí Káírò, àwọn kan ń ṣòwò ní Kútọnú, àwọn mìíràn wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ènìyàn bá dé irú ibẹ̀, iyán tí a fi tọ́ ọ kọ́ ni wọn yóò gbé síwájú rẹ̀. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí gbádùn oúnjẹ ìlú onílùú, àbí kí ó kàn fi pa ebi lásán?

Irú ènìyàn méjì ló ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbé. Èkíní ni ẹni tí ń yínmú sí ẹ̀wà fúùlù àti búrẹ́dì tí àwọn ará Íjíbítì fi ń jí. Lójú rẹ̀, ohun tí kò bá jọ iyán kì í ṣe oúnjẹ. Èkejì ni ẹni tí ó ní bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, ìkúùkù là ń dì. Ó ń jẹ ẹran ní Kútọnú láì béèrè ẹran wo ni, bẹ́ẹ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò wọ́n níbẹ̀. Ó ń lá súìtì ní Lọ́ńdọ̀nù láì wo ara ọ̀rá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òmíràn wà tí wọ́n fi jẹ́látìn awọ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe. Àwọn méjèèjì ló fi ahọ́n ṣe adájọ́. Èkíní ń kọ ohun tí Ọlọ́hun yọ̀ǹda, èkejì ń gba ohun tí Ó kọ̀.

Ẹ wo ìtàn tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Ní ilé Maimuna, wọ́n gbé ẹran dabb tí a yan wá síwájú Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ẹranko aṣálẹ̀ tó jọ alángbá ńlá ni. Ànọ́bì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Khalid ọmọ Walid béèrè bóyá hàráàmù ni. Ó ní rárá, kò sí ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn òun ni, ara òun kò gbà á. Khalid fà á mọ́ra, ó jẹ ẹ́, Ànọ́bì sì ń wò ó.

Kò pe ohun tí kò wù ú ní hàráàmù, kò sì dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ibi tí a ti tọ́ni dàgbà ló ń pinnu ohun tí ahọ́n fẹ́. Àṣẹ Ọlọ́hun ló ń pinnu ohun tí a kò gbọdọ̀ jẹ. Bí àlejò bá dí imú sí irú inú ọbẹ̀ ìyá wa, yóò dùn wá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá onílé.

Àní ọ̀mọ̀wé lè ṣìnà níhìn-ín. Ní ọdún 1352, Ibn Battuta dé Walata, ní ilẹ̀ Málì ìgbà náà. Wọ́n fi jéró tí a pò mọ́ oyin díẹ̀ àti wàrà kíkan ṣe é lálejò nínú igbá. Ó fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ó ní kò sí ire lọ́dọ̀ wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé láàrin wọn, òun kan náà ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kì í rẹ́ ènìyàn jẹ, pé ọkàn onírìn-àjò balẹ̀ ní ìlú wọn, àti pé wọ́n ń kọ́ ọmọ ní Al-Kùránì gidigidi. Igbá wàrà kan ì bá ti fi gbogbo èyí pamọ́ fún un.

Ẹnìkan lè ní, "Bí mo bá kọ oúnjẹ, ṣé n kò ní mú olóore bínú?" Béèrè kí wọ́n tó bu oúnjẹ, kí o sì béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ọtí bá wà nínú rẹ̀, dúpẹ́, kí o sì jẹ èyí tó mọ́. Ṣùgbọ́n má sọ ìbéèrè di ìfura. Nígbà tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ bóyá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìsìláàmù dárúkọ Ọlọ́hun sí ẹran tí wọ́n gbé wá, Ànọ́bì ní kí wọ́n ṣe bísímílà fúnra wọn, kí wọ́n jẹ ẹ́.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ hàláàlì, jẹ ẹ́, gbádùn rẹ̀, kí o sì dúpẹ́. Bí ahọ́n rẹ kò bá fẹ́ ẹ, fi í sílẹ̀ láì bú u, nítorí Ànọ́bì wa kì í bú oúnjẹ. Ọlọ́hun kan náà tó hu iṣu ní Àkókó ló hu jéró ní Málì.

Kí Ọlọ́hun fi hàláàlì rọ̀ wá lọ́rùn nílé àti lẹ́yìn odi. Àmín.