Ṣé Ká Sọ fún Un, Tàbí Ká Fi Pa Mọ́?

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn. Bí dókítà bá pe àwọn ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ tó ń ṣe ìyá wọn ti tàn dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí egungun, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́." Ǹjẹ́ àánú ni èyí bí?

A mọ ìdí rẹ̀. Ìbẹ̀rù lè dá ènìyàn wó ṣáájú àìsàn. Ọ̀rọ̀ náà sì wúwo lóòótọ́: ní Amẹ́ríkà, bí a bá rí àrùn yìí nígbà tó ṣì wà lójú kan, bí obìnrin 9 nínú 10 ló ń lo ọdún 5 ó lé láyé; bó bá ti tàn lọ jìnnà kí a tó rí i, bí ẹnì 1 nínú 5 ni.

Ṣùgbọ́n àrùn tó tàn kì í ṣe àrùn tí kò ní ìtọ́jú. Oògùn bíi cisplatin àti paclitaxel, tí wọ́n ń fà sí iṣan, lè tì í sẹ́yìn fún ìgbà kan. Ìtànṣán lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró, morphine a sì máa jẹ́ kí aláìsàn rí oorun sùn. Àmọ́ oògùn wọ̀nyí ń gbówó lórí, wọ́n sì ń fa èébì àti àárẹ̀. Ta ló yẹ kó pinnu bóyá kí a lò wọ́n, tàbí kí a wá ìrọ̀rùn nìkan? Ṣé kì í ṣe ẹni tó ni ara?

Màmá tí kò mọ̀ kò lè yàn. Kò lè ka gbèsè rẹ̀ fún ọmọ, kò lè tọrọ àforíjì. Àwọn ọmọ-ọmọ pàápàá ní ẹ̀tọ́ nínú òótọ́ yìí: kòkòrò HPV ló máa ń fa àrùn náà, láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 sì ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Àrùn tí a fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́, ta ni yóò sá fún un?

Èrò tiwa ni pé kí a kọ́kọ́ bi Màmá léèrè bó ṣe fẹ́ gbọ́ tó, kí a sì sọ ọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́. Bó bá ní òun kò fẹ́ gbọ́, kí a gbà fún un. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ọjọ́ ikú fún un. Ìyẹn wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òótọ́ korò, àmọ́ irọ́ a máa jí ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún aláìsàn gbé.