Ẹnìkan Láàrin Àwọn Onídìílé



Opó kan láàrin yín, tí kò bímọ, bi mí léèrè bóyá ó tọ́ kí òun nìkan wọ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ ti Disney, èyí tí ó ti ń gbé òbí àti ọmọ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1998. Ojú ń tì í pé kò ní ẹni tí yóò fà lọ́wọ́.

Ẹ rántí Ánà nínú Ìhìnrere Lúùkù, opó ẹni ọdún 84. Ibi tí àwọn òbí ń gbé ọmọ wá gan-an ni kì í kúrò. A kò sì kà á pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè ọmọ tirẹ̀. Ojú rẹ̀ sì rí Jésù.

Ìyá, ẹ máa lọ, bí ẹ kò bá ní jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. (Wọ́n sábà máa ń gba owó ènìyàn méjì lọ́wọ́ ẹni tí ó bá dá yàrá gbà!) Ẹ̀yin onídìílé, bí ẹ bá rí irú Ìyá yìí, nínú ọkọ̀ tàbí lórí bẹ́ǹṣì ní Mísà, ẹ sún fún un.