Òtítọ́ Nípa Kí Ni? Sípíkà Sítúdíò Nínú Pálọ̀

Bí ẹnìkan bá gbé sípíkà tí a ṣe fún sítúdíò wá sínú pálọ̀ rẹ̀ láti máa fi gbọ́ orin, ohun tí ó sábà máa ń sọ pé òun ń wá ni òtítọ́, nítorí náà ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í ni pé, òtítọ́ nípa kí ni? Sípíkà bẹ́ẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ohùn ń pè ní mọ́nítọ̀, ni ẹni tí ń ṣe àpòpọ̀ orin fi ń gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kí àbùkù ibẹ̀ lè hàn sí i. A kò ṣe é láti mú orin dùn ju bí ó ti rí lọ. Èyí tó jẹ́ active nínú wọn ní ámpìlífáyà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fún ohùn lágbára, nínú àpótí rẹ̀ gan-an: a ti pín ohùn sí ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè kí ó tó dé ámpìlífáyà, ámpìlífáyà tirẹ̀ sì ni ó ń darí ẹnu sípíkà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan gbà pé òtítọ́ tí mọ́nítọ̀ ń sọ ni bí ìlù ti dún gan-an níwájú onílù. Èrò yìí kò lè dúró. Nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, tí Martin Meissonnier ará Faransé sì bójú tó ṣíṣe rẹ̀, ohun tí ó wọnú àwo náà ni ìpinnu àwọn ènìyàn nípa ìlù tí yóò yọ sókè, gìtá tí yóò fà sẹ́yìn, àti ibi tí ohùn akọrin yóò dúró sí. Kò sí sípíkà tí ó lè dá olùgbọ́ padà sọ́dọ̀ onílù. Kìkì iṣẹ́ tí a fi rán àwo ni ó lè jẹ́.

Ẹni tí ó fẹ́ràn sípíkà adùn-létí lè dáhùn pé, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe náà lágbára, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ tí ó ní òye ni ó ń yìn, ẹni tí ó mọ ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ rọ̀. Sípíkà kò ní òye kankan: ohùn ìsàlẹ̀ tí ó fi kún orin ijó ni yóò fi kún ìwàásù, tí yóò sì fi bo ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ.

Síbẹ̀, orúkọ sítúdíò kì í ṣe ẹ̀rí òtítọ́. Ilé ni Yamaha ti ilẹ̀ Jàpáàn ṣe sípíkà NS-10 fún ní 1978. Àwọn onílé kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á, àwọn oníṣẹ́ sítúdíò ni ó gbà á, wọ́n sì lò ó káàkiri ayé títí tí Yamaha fi dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2001. Ohùn rẹ̀ kò tẹ́jú rárá. Àárín ohùn yọ ju ìyókù lọ, èyí sì ni ó mú kí àṣìṣe tètè hàn nínú rẹ̀. Ní ọdún 1978 yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Genelec, ní tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Iisalmi ní ilẹ̀ Finland, tí ó ń ṣe mọ́nítọ̀ active fún ilé-iṣẹ́ rédíò orílẹ̀-èdè náà.

Ǹjẹ́ òtítọ́ àti adùn ha ń bá ara wọn jà bí? Floyd Toole, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ohùn ní Kánádà, fi aṣọ bo sípíkà kí àwọn olùgbọ́ má baà mọ èyí tí ń dún, ó sì rí i pé èyí tí ohùn rẹ̀ tẹ́jú ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn fẹ́. Àbájáde yìí ṣe pàtàkì, nítorí ó fi hàn pé etí ènìyàn kò kórìíra òtítọ́, bí ojú àti orúkọ kò bá kọ́kọ́ tàn án jẹ.

Ohun tí ó kù ni yàrá. Nígbà tí ohùn bá ń gbọ̀n ní ìwọ̀n tí kò tó nǹkan bí ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ògiri àti igun ilé ni ó ń pinnu bí yóò ti pọ̀ tó dé etí, ju sípíkà fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ kékeré ni a ṣe fún ẹni tí ó jókòó ní nǹkan bí mítà kan sí i. Bí olùgbọ́ bá jìnnà ní mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yàrá ni yóò máa gbọ́. Kò sí àléébù nínú gbígbé mọ́nítọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fà á kúrò lára ògiri, kí ó ta aṣọ tó nípọn sí yàrá, kí ó sì súnmọ́ ọn, kí ó tó náwó sórí òmíràn.