Ta Ni Ọ̀gá Nínú Ẹ̀kọ́ Ìtàn?

Kíláàsì ìtàn kì í kún ní ọdún àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀ka áàtì ń sá tọ̀, wọ́n ní ọdún àti orúkọ inú ìtàn kì í tán. Ìjọba àpapọ̀ náà dá kún un nígbà tí ó yọ ìtàn kúrò lára ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré láti sáà 2009/2010, kí ó tó wá dá a padà. Ohun tí ọmọ kò fojú kàn ní kékeré, ṣé SS1 ni yóò ti wá yàn án? Àmọ́ ti iye kọ́ ló ń dùn mí. Ká bí ẹgbàá ọ̀bùn, ká kúkú bí ọ̀kan ṣoṣo ọ̀gá. Ta wá ni ọ̀gá? Ẹni tó lè ka orúkọ ọba láìkọsẹ̀ ni a sábà máa ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ẹjọ́ kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ọmọ SS3 ibẹ̀ mọ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé ìlú náà ní 1910. Ní Igbó Olókun, ó rí orí idẹ tí a ń pè ní Orí Olókun, ó sì rí àwókù ìkòkò tí gíláàsì yíyọ́ ṣì lẹ̀ mọ́ inú wọn. Iṣẹ́ náà dára lójú rẹ̀ débi tó fi ní kò lè jẹ́ ọwọ́ ará ibẹ̀; ó ní ìran kan tó bá àwọn Gíríìkì tan, láti Atlantis, ló ṣe é. Ọ̀mọ̀wé ni o, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ hú ọ̀pọ̀ orí idẹ mìíràn jáde. Nígbà tó di 2011 àti 2012, Abídèmí Babatúndé Babalọlá tún wa Igbó Olókun kan náà, ó kó àwókù ìkòkò àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ jọ. Àyẹ̀wò fi hàn pé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fi èròjà àdúgbò yọ́ gíláàsì, kí òyìnbó tó tẹ ilẹ̀ yìí rárá. Ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì gbẹ́ kò yàtọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ló ti mú ìdáhùn dání kó tó dé.

Ká má tíì fi Frobenius rẹ́rìn-ín o. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, wọn kò tẹ̀ ẹ́ jáde àfi ní 1921. Ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ló ti gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ìlà-oòrùn ni Odùduwà ti wá. Ifẹ̀ ní rárá, ẹ̀wọ̀n ló fi rọ̀ láti ọ̀run. Ọmọ Ifẹ̀ á ní ará Ọ̀yọ́ ń purọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ á ní àlọ́ ni ti Ifẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni, ì báà jẹ́ ẹjọ́ ilé baba tirẹ̀ ló gbọ́.

Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń ṣètò ìdánwò, ìtàn méjèèjì ni n ó gbé síwájú wọn. Ta ló sọ ọ́? Níbo ló ti gbọ́ ọ? Kí ni yóò jẹ lórí rẹ̀? Ọmọ Ifẹ̀ tó bá lè tọ́ka sí ibi tí ìtàn Ifẹ̀ ti mẹ́hẹ, láìbú baba ẹnikẹ́ni, òun ni n ó fún ní A1.