Àìjẹ Kì í Ṣe Àìríjẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òtítọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ènìyàn lè yó láìní ẹran nínú ọbẹ̀ rẹ̀, kí ojú sì máa tì í. Ẹlòmíràn lè ní owó tí yóò fi ra odidi màlúù, kí ó sì kọ ẹran sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ìkòkò àwọn méjèèjì jọra, ọbẹ̀ inú wọn sì lè jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé ipò kan náà ni wọ́n wà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí nìyí: kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí kì í jẹ ẹran àti ẹni tí kò rí ẹran jẹ? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni àkọ́kọ́ máa fi ohun tí ó ń pa ẹnì kejì lẹ́kún ṣe ìwà rere?

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé wá sí mi lọ́kàn. Ní ìlú Àjàṣẹ́-Ìpo tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, àwa obìnrin mẹ́ta tí a jọ ń kọ́ni pinnu láti dán oúnjẹ inú ìwé kan wò. Àbúrò ọ̀kan nínú wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó fi ìwé náà ránṣẹ́. Ìwé ìdáná ni, ṣùgbọ́n láti ojú-ewé àkọ́kọ́ títí dé èyí tí ó kẹ́yìn, kò sí ẹran nínú rẹ̀, kò sí ẹja, kò sí edé, kò sí ẹyin, kò sí wàrà màlúù, kò tilẹ̀ sí oyin. Àwọn tí ń jẹun báyìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní vegan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1944 ni Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ẹgbẹ́ àwọn tí kì í jẹ ẹran, èyí tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1847, ṣì ń fi àyè gba wàrà àti ẹyin. Èrò wọn ni pé kò yẹ kí ènìyàn máa fi ìyà jẹ ẹ̀dá abẹ̀mí mìíràn nítorí ikùn.

Ẹni tí ó bá mọ Àjàṣẹ́-Ìpo yóò rẹ́rìn-ín. Ìlú tí òkìkí ọjà màlúù rẹ̀ kàn jákèjádò ilẹ̀ Ìgbómìnà àti ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọkọ̀ ń kó màlúù wọ̀, tí ọkọ̀ ń kó o jáde, ibẹ̀ ni àwa ti ń wá ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran!

Ọ̀pọ̀ èlò tí ìwé náà dárúkọ ni kò sí lọ́jà wa. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ìwé náà ní kí a lo tofu, èyí tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe láti ayébáyé. Kò pẹ́ tí a fi rántí pé wàrà sóyà tí wọ́n ń kiri ní ìgboro Ìlọrin kò yàtọ̀ sí i. A rẹ sóyà mọ́jú, a bó o, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a sì gbé omi rẹ̀ kaná. Nígbà tí ó hó, a da omi ògì tí ó ti kan sí i, ó sì dì, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin Fúlàní ti ń fi omi ewé bọmubọmu mú wàrà màlúù dì. A fún omi rẹ̀ dànù, a gé e, a dín in. Àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí ohun ọ̀gbìn IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, wà lára àwọn tí ó kọ́ àwọn obìnrin ilé bí a ti ń lo sóyà ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ìwé náà tún ní kí a fi ìyẹ̀fun kan tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí mú ọbẹ̀ ta sánsán. Ìrú ni a fi rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí a fi máa ka ìwé náà dé àárín, a bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wa lójú. Kí ni ó ń kọ́ wa tí àwọn ìyá wa kò ti kọ́ wa? Àkàrà kò ní ẹran nínú. Ẹ̀kuru kò ní. Ègbo, àádùn, gbẹ̀gìrì, ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí a fi ata àti epo nìkan pò, gbogbo wọn ni a ti ń jẹ kí a tó mọ ìwé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa wá ń tọrọ ẹ̀ṣọ́ ilé wa lọ́wọ́ ará òde.

Ní ọjọ́ tí a se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú egúsí àti olú, ìyá àgbà kan láti agbo-ilé kejì yà wá kí wa. A bu oúnjẹ fún un. Ìyá gba àwo, ó fi ọwọ́ wá inú ọbẹ̀ náà títí, ó sì wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé wọn kò tíì san owó oṣù yín ni?”

A bú sẹ́rìn-ín, a sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìwé náà fún un. Ìyá kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọdún tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, ọbẹ̀ yìí gan-an ni mo ń sè. Bí mo bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àlejò, n ó yára fi ọmọrí dé e. Òun ni ẹ̀yin wá ń fi ṣeré yìí?”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi bóyá ẹ̀gàn ni ohun tí a ń ṣe, bóyá a ń fi àkísà aláìní dá aṣọ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí gbogbo wa mọ̀, èyíinì ni ààwẹ̀. Ní oṣù Ràmàdáánì, olówó àti tálákà jọ ń fi ebi pa ikùn wọn. Kò sí ẹni tí yóò rí Alájì tí ó gbààwẹ̀ kí ó sọ pé ìṣẹ́ ń ṣẹ́ ẹ. Ẹni tí ó ń gbààwẹ̀ mọ ìgbà tí yóò ṣínu. Ẹni tí ebi ń pa kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ń gbààwẹ̀ ni ó dì í fúnra rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa, ayé ni ó dì í fún un. Síbẹ̀ ẹ̀sìn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kí a tó kírun ọdún ìtùnu ààwẹ̀, ó di dandan kí ẹni tí ó ní yọ jàká fún aláìní, kí ebi má baà pa á lọ́jọ́ ayọ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ààwẹ̀ tí kò mú ni rántí ẹni tí ebi ń pa kù díẹ̀ káàtó.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ èèwọ̀ rí. Àwọn ìdílé kan wà tí kì í jẹ irú ẹran kan, ìdí pàtàkì sì wà tí wọ́n fi kọ̀ ọ́. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu, àtẹ́ ni wọ́n sì fi ń bọ òrìṣà náà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé owó iyọ̀ ni wọn kò ní. Ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ẹlẹ́sìn Jain kì í fọwọ́ kan ẹran rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ oníṣòwò ọlọ́rọ̀. Ní Jàmáíkà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Rasta, tí ẹ̀sìn wọn bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ka àìjẹ ẹran sí ara ìwà mímọ́. Níbi gbogbo wọ̀nyí, iyì ni kíkọ̀ jẹ́, nítorí pé ọwọ́ ẹni tí ó kọ̀ ni ìpinnu náà wà.

Nítorí náà, mo rí ohun mẹ́ta tí ó gbọ́dọ̀ pé kí àìjẹ tó lè di ìwà rere. Èkíní ni agbára: kí ẹni náà lè jẹ ẹ́ bí ó bá fẹ́. A kì í yin arọ pé kò jó. Èkejì ni pé kí ó jẹ́ abọ́ tirẹ̀ ni ó ti mú un kúrò. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, nígbà tí owó bá wọ́n, abọ́ ìyá àti ti ọmọ ni ẹran ti ń kọ́kọ́ pòórá. Ti baálé a sì wà níbẹ̀ digbí. Nígbà kan rí, wọn a tilẹ̀ máa sọ pé ọmọ tí a bá ń fún lẹ́yin jẹ yóò di olè. Ẹni tí ó fi ẹran du ọmọ rẹ̀, tí ó sì pè é ní ẹ̀kọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Ẹ̀kẹta ni òtítọ́. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta gbé wàrà sóyà tí ó fi ata dín fún ọkọ rẹ̀, kò sì sọ ohun tí ó jẹ́ fún un. Baálé jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, ó yìn ín. Nígbà tí ó gbọ́ òtítọ́, inú bí i. Kì í ṣe oúnjẹ náà ni ó bí i nínú, bí kò ṣe pé a fi òun dán nǹkan wò láìbéèrè. Mo gbè sẹ́yìn baálé náà. Àìjẹ tí a fi ẹ̀tàn mú ènìyàn ṣe kì í ṣe àìjẹ, nítorí pé ẹni náà kò yàn án.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín kí a má baà yin ebi. Ní ọdún 1933, Cicely Williams, oníṣègùn tí ń tọ́jú ọmọdé ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àrùn tí ń ṣe àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú, tí ó sì jẹ́ pé oúnjẹ àgbàdo nìkan ni a ń fún wọn. Orúkọ tí àwọn Gà ń pe àrùn náà, kwashiorkor, ni gbogbo ayé ń pè é títí di òní. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley, oníṣègùn láti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí lo káàdì tí a fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ń dàgbà bí ó ti yẹ. Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí kọ́ wa ni pé ohun tí ó ń pa ọmọ ni àìsí èròjà tí ń mú ara dàgbà, ẹran nìkan kọ́ ni èròjà náà sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó lára àgbàdo, ẹ̀wà a máa dí i. Àwọn ìyá wa tí ń fún wa ní ògì àti àkàrà, ègbo àti ẹ̀wà, ti mọ èyí láìlọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́: fítámì B12 kì í sí nínú ewé àti ẹ̀wà. Ẹni tí ó bá kọ gbogbo ohun tí ó ti ara ẹran wá gbọ́dọ̀ wá a níbòmíràn, àgàgà bí ó bá jẹ́ aboyún tàbí abiyamọ.

Ẹnìkan lè sọ pé bí gbogbo ènìyàn bá kọ ẹran, kí ni alápatà Àjàṣẹ́ yóò jẹ? Ìbéèrè rere ni, ṣùgbọ́n kò kan ohun tí mo ń sọ. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹran. Èmi pàápàá ń jẹ ẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a yọ ìtìjú kúrò lórí ìkòkò tí kò lẹ́ran. Ìtìjú yìí ni ó ń mú kí ẹlòmíràn lọ yá owó nítorí ẹran àsè, tí yóò sì fi ọdún kan san án. Ìtìjú yìí náà ni ó ń mú kí opó fi ọmọrí dé ọbẹ̀ tí ó dùn, tí ó sì ṣe ara lóore. Ọmọ Yorùbá kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, Tomi Makanjuola, ti kọ ìwé kan, Vegan Nigerian Kitchen, tí ó fi ń kọ́ ayé ní oúnjẹ ilẹ̀ wa láìlo ẹran. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò jẹ́ àdánù bí ìmọ̀ náà bá níyì nínú ìwé, tí àwọn ìyá tí ó kọ́kọ́ ní in lórí ààrò kò sì níyì láàrin wa.

Ní àkótán, àìjẹ kì í ṣe àìríjẹ. Ìkòkò lè jọ ara wọn, ẹnu tí ó pinnu ohun tí yóò wọ inú wọn ni kò jọra. Ẹni tí ó ní, tí ó sì kọ̀, kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni bí ó bá fi òtítọ́ kọ̀ ọ́, tí kò sì fi ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ kọ́ ẹni tí kò ní pé kí ó fara mọ́ ìṣẹ́. Ojúṣe rẹ̀ ni kí ó bu ọlá fún ẹni tí ó ti jẹ oúnjẹ náà nínú ìpọ́njú, kí ó sì rí i pé ọmọ onítọ̀hún náà rí ohun tí yóò yàn.

Ní ti ìyá àgbà wa, kò bínú lọ. Ó jẹ ọbẹ̀ náà tán, ó ní a tètè da ìrú sí i jù, àti pé bí egúsí bá ti dì ni ó yẹ kí ìrú wọ inú rẹ̀. A tún un sè bí ó ti wí, ó sì dùn ju ti ìwé lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, òun ni ó ránṣẹ́ pè wá. Nígbà tí a wọlé, ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná, kò sì fi ọmọrí dé e.