KẸ̀KẸ́ ÀTIJỌ́ TÀBÍ TUNTUN?

KA: Ẹ́kísódù 21:28-36
HÁ SÓRÍ: Fílípì 2:4

Bí kẹ̀kẹ́ ológeere kan bá ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ìwọ nìkan ni o mọ ìwà rẹ̀. O mọ̀ pé ṣéènì rẹ̀ máa ń yọ bí a bá tẹ pẹ́dà lójijì, nítorí náà o máa ń rọra tẹ̀ ẹ́. O mọ̀ pé bíréèkì rẹ̀ kò mú mọ́, nítorí náà o máa ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Àwọn ará ilé ní kí o ra tuntun. Ìwọ ní ó ṣì ń gbé ọ dé ibi tí ò ń lọ. Kí ni kí onígbàgbọ́ ṣe? Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kéré jù láti gbé síwájú Ọlọ́run.

Lílo ohun àtijọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fún 40 ọdún ni Ísírẹ́lì fi wọ bàtà kan náà nínú aginjù, kò sì gbó (Deutarónómì 29:5). Dáfídì bọ́ ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù sílẹ̀ nítorí kò tíì dán an wò, ó sì mú kànnàkànnà rẹ̀ tí ó mọ́ ọn lọ́wọ́. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, ọ̀pọ̀ àwọn baba wa ló gun kẹ̀kẹ́ Raleigh ilẹ̀ England lọ sí oko kòkó. Irú kẹ̀kẹ́ onírin bẹ́ẹ̀ lè pẹ́, nítorí táyà, ṣéènì àti rọ́bà bíréèkì ṣeé pààrọ̀ níwọ̀n ìgbà tí irin ara rẹ̀ bá ṣì le. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí aládùúgbò rẹ ra tuntun ni o ṣe fẹ́ ra tìrẹ, dúró ná. Ojúkòkòrò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra pẹ̀lú: ahun náà lè gbé ẹ̀wù ìtẹ́lọ́rùn wọ̀!

Òfin màlúù tí a kà lónìí ni yóò tọ́ wa sọ́nà. Bí màlúù bá kan ènìyàn pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, olówó rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti máa ń kan ènìyàn tẹ́lẹ̀, tí a sì ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀, tí kò sì so ó mọ́lẹ̀, ẹ̀bi di tirẹ̀. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ó mọ̀! Ohun tí Ọlọ́run ń bi olúkúlùkù wa nìyẹn: ṣé o mọ̀, o sì dákẹ́?

Olùfẹ́, àléébù kẹ̀kẹ́ rẹ kò pa ọ́ lára nítorí pé ara rẹ ti kọ́ ọ. Ọmọ aládùúgbò tí yóò yá a lọ ra oògùn ńkọ́? Ọmọ rẹ tí o gbé sẹ́yìn lójú òjò ńkọ́, nígbà tí omi ti bo irin tí bíréèkì yẹ kí ó mú? Ohun tí ò ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ti di kòtò tí a kò bò fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, bi ara rẹ léèrè. Ṣé ohun tó ṣeé pààrọ̀ ló bàjẹ́, àbí irin rẹ̀ gan-an ti sán? Bí irin bá ti sán, má tan ara rẹ. Bí eyín irin tí ṣéènì ń yí lé bá ti jẹ, ṣéènì tuntun nìkan kò ní tó. Yóò máa yọ síbẹ̀ ni, bí aṣọ tuntun tí a fi lẹ ògbólógbòó ẹ̀wù (Lúùkù 5:36). Níbo ni owó yóò ti wá? Bí ó bá jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ tàbí gbèsè, tún bíréèkì ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí o sì máa fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí o bá sì ra tuntun, má ṣe fi àtijọ́ tí kò ní bíréèkì ta aláìní lọ́rẹ. Màlúù rẹ ni o lé sínú ilé rẹ̀ yẹn!

Ṣé kẹ̀kẹ́ nìkan ni ó ní irú ìwà yìí? Inú fùfù rẹ ńkọ́, tí o máa ń sọ pé, “Bí èmi ṣe rí nìyẹn”? Aya tàbí ọkọ rẹ ti kọ́ bí a ti ń rọra bá ọ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ, wọ́n á sì dákẹ́. Ó ti mọ́ ọ lára, ṣùgbọ́n àwọn ni ó ń ṣe léṣe. Ìròyìn ayọ̀ ni pé Jésù kì í jù wá nù nítorí àléébù wa. Ó ń sọ ènìyàn di ẹ̀dá tuntun (2 Kọ́ríńtì 5:17). Bí o kò bá tíì di àtúnbí, fi ayé rẹ fún Un ní òwúrọ̀ yìí.

ÌGBÉSẸ̀: Kí o tó jáde lónìí, yẹ ohun kan wò nínú ilé rẹ tí o mọ̀ pé ó lè ṣe ẹlòmíràn léṣe, kí o sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀.

KÓKÓ ÀDÚRÀ: Baba, fi àléébù tí ó ti mọ́ mi lára hàn mí. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣubú sínú kòtò tí mo mọ̀ tí n kò bò, ní orúkọ Jésù. Àmín.