Iye Tí A Tà Á àti Iye Tí A Kọ

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Bí ènìyàn bá fẹ́ ta ilé rẹ̀ ní Alákijà tàbí ní agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi gbà á nímọ̀ràn pé kí ó má kọ iye tí ó tà á gan-an sínú ìwé, kí owó tí ìjọba yóò gbà lè mọ níwọ̀n. Ǹjẹ́ èyí tọ́?

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà. Abala 22 rẹ̀ sọ pé onílẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á tàbí kí ó fi dógò láìgba ìyọ̀ǹda. Owó ni a sì fi ń gba ìyọ̀ǹda. Ní ọdún 2015, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dín àpapọ̀ owó náà kù sí náírà 3 nínú 100: 1.5 fún ìyọ̀ǹda, 0.5 fún owó orí èrè, 0.5 fún òǹtẹ̀, àti 0.5 fún ìforúkọsílẹ̀.

Lójú ayé, ẹni tó ra ilé ló ń san án. Ṣùgbọ́n kí olùrà tó dá iye, ó ti yọ owó yìí sẹ́yìn. Nítorí náà, orí ẹni tó ń tà ni ẹrù náà ń bọ́ sí, pàápàá ẹni tí àìsàn tàbí gbèsè sún dé ìdí ilé títà.

Ká ní a ta ilé kan ní N40,000,000. Ní ìwọ̀n ọdún 2015, owó ìjọba jẹ́ N1,200,000. Bí a bá kọ N10,000,000, ó di N300,000. N900,000 ti yọ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń wá owó iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó rẹ̀, ta ni yóò bú u?

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wò ó síwájú. Bí ilé náà bá jẹ́ ogún ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ló fọwọ́ sí ìwé, àwọn àbúrò ṣì kéré. Nígbà tí wọ́n bá dàgbà tí wọ́n béèrè ìpín wọn, ìwé N10,000,000 ni yóò nà sí wọn. Irọ́ tí a pa fún ìjọba ti di ọ̀bẹ tí a fi ń gé ìpín ọmọ òrukàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni Súúrà An-Nisáì kìlọ̀ gidigidi nípa ohun ìní wọn.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ lọ gba ìyọ̀ǹda rárá. Risíìtì nìkan tó wọn. Kí wọ́n rántí ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní ọdún 1989. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ilé tí a fi dógò fún báńkì náà kò dúró lábẹ́ òfin, nítorí a kò gba ìyọ̀ǹda. Ẹni tó yáwó náà ló sì gbé e lọ sílé ẹjọ́!

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ìjọba tí kò ṣe títì, kí ló ń gbowó fún?” Ìbéèrè rere ni. Ibn Khaldun ti kọ ọ́ nínú Muqaddimah ní ọdún 1377 pé owó orí tó kéré a máa mú owó púpọ̀ wọlé, tí èyí tó wúwo a sì máa pa òwò. Àdínkù ọdún 2015 fi hàn pé ohun tí a lè dín kù ni. Ẹ jẹ́ kí a pariwo rẹ̀ sí àwọn aṣòfin. Ṣùgbọ́n ìwà àbòsí ìjọba kò sọ ìbúwọ́lùwé tèmi di irọ́ tó mọ́.

Kí a tó dá iye, kí a béèrè owó yìí, kí olùtà àti olùrà pín in bí agbára wọn bá ṣe mọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Súúrà Al-Baqarah, ẹsẹ 282, pàṣẹ pé kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀tọ́. Ìwé yóò wà lẹ́yìn tí owó bá ti tán. Kí Ọlọ́run mú wa dúró lórí òtítọ́. Àmín.